Asà Ẹ̀yìn Tí Yusrah Yóò Dàgbà Bá

Kàbírù télọ̀ kì í gba ìmọ̀ràn. Àléébù kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, torí kì í mutí, kì í parọ́, kì í sì í pa ìrun jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́ ọ ní nǹkan, pàápàá nípa ohun tí à ń wọ̀ sára, ojú rẹ̀ á le koko. Ogún ọdún ló ti ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Peckham Rye ní London, ó sì ti gbà pé kò sí ara tí òun kò lè wọ̀n.

Àṣà kan wà tí àwọn ìyá ọmọ mọ̀ mọ́ ọn. Gbogbo aṣọ ọmọdé tí Kàbírù bá rán ló máa ń ká etí rẹ̀ sínú, kí wọ́n lè tú u bí ọmọ bá ti ń ga. Yusrah, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún òun àti Nímọ́tà ìyàwó rẹ̀, pé ọmọ ọdún méjìlá láìwọ yunifọ́ọ̀mù tó bá a mu rí. "O máa dàgbà bá a," ni bàbá rẹ̀ máa ń wí. Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún, ilé ìwé Yusrah fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sórí òkè ní Austria láti kọ́ síkì, eré tí wọ́n fi ń de pátákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ láti máa yọ̀ lórí yìnyín. Wọ́n kọ̀wé pé kí òbí kọ̀ọ̀kan ra asà ẹ̀yìn, ìyẹn ohun líle tí wọ́n ń dè mọ́ eegun ẹ̀yìn lábẹ́ kóòtù, nítorí ìṣubú. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan: kó bá ọmọ mu gẹ́lẹ́.

Kàbírù mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Bethany, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, mú téèpù jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n wọn ẹ̀yìn rẹ̀, sir, láti ọrùn dé ìbàdí."

Kàbírù bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìwọ̀n?" Ó na ọwọ́ sí èyí tó wà fún àgbàlagbà.

"Ìyẹn gùn jù fún un, sir. Á máa tì í lọ́rùn. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ń dàgbà bá."

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kàbírù kò fẹ́ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n. Èyí tó gùn náà ló rà.

Nímọ́tà rí i nílé, ó ní, "Daddy Yusrah, size ta lèyí?"

"Size tiẹ̀ ni tó bá ti pé fifteen. Mo máa gán belt ẹ̀ sínú." Ó sì gán an lóòótọ́, ó rán an mọ́nú dáadáa. Ó mú ìgbànú rẹ̀ kúrú, àmọ́ gígùn asà náà fúnra rẹ̀ kò dín.

Ọjọ́ kejì tí àwọn ọmọ dé Austria, Yusrah fi fóònù pe bàbá rẹ̀ ní àárọ̀. Oníbàárà méjì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.

"Daddy, it's too long. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ó ń gún mi lọ́rùn. Miss ní one wà níbí tó fit mi. Ṣé kí n yá a?"

Ojú ti Kàbírù lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọmọ télọ̀ ni yóò máa yá nǹkan wọ̀? "Yusrah, ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò fún un lápá, á ṣò lẹ́sẹ̀. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Sọ fún wọn pé tailor ni daddy ẹ, ó sì mọ ohun tó ń ṣe."

"Okay, Daddy."

Òwe náà dára, ibi tí kò yẹ ló pa á sí. Ọmọ náà kò bá a jiyàn. Ó gba bàbá rẹ̀ gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìròyìn dé. Nígbà tí ọrùn dun Yusrah, ó tú ìgbànú náà sílẹ̀ kó lè rí bẹ̀rẹ̀. Asà bá sún gun èjìká rẹ̀. Bó ti ń yọ̀ bọ̀, ó ṣubú, ó sì fi ìbàdí gba òpó kan létí ọ̀nà. Dókítà kò búra pé asà tó bá a mu ìbá gbà á là. Ohun tó sọ ni pé ibi tó yẹ kó bò gan-an ló ṣí sílẹ̀, àti pé ọmọ náà kò ní fi ẹsẹ̀ rìn mọ́.

Kàbírù wólẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Yusrah fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Daddy, ẹ má sunkún. Èmi ni mo tú belt yẹn." Ọ̀rọ̀ yìí ba bàbá rẹ̀ nínú jẹ́ ju èébú lọ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọdún mẹ́ta kọjá. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, Kàbírù ní òun yóò rán aṣọ tó bá Yusrah mu, láìká etí kankan sínú. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti wọ̀n ọ́n, láti ọrùn dé ìbàdí. Ó wo téèpù, ó gbójú sókè. Ó mọ ìwọ̀n yẹn: gígùn asà ọjọ́sí gẹ́lẹ́ ni. Asà ẹ̀yìn náà ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ nù.

Yusrah tẹ̀ lé ojú bàbá rẹ̀ títí dé òkè kọ́bọ́ọ̀dù. "Daddy," ó rọra wí, "ṣé mo ti dàgbà bá a?"

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ Kàbírù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹ lè ra bàtà tó tóbi, ẹ sì lè ká etí aṣọ sínú, kò sẹ́ni tí yóò bá yín wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá rà láti fi dáàbò bo ọmọ, ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ ara tó ní lónìí. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún bá fún yín nímọ̀ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ àná, ẹ gbọ́ ọ. Bí ọmọ yín bá sì ní nǹkan ń ni òun lára, ẹ má fi òwe pa á lẹ́nu mọ́. Ewu kì í dúró de ọmọ kó dàgbà.