Yàrá Tí Mahmud Pa Iná Rẹ̀

Mahmud kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Fífi òní dọ́la ni àrùn tí ń ṣe é. Iṣẹ́ tí kò gbà ju kí ó jókòó díẹ̀ lọ, yóò ní, "Inṣa Allahu, lọ́la." Ó ń fi orúkọ Ọlọ́run bo àléébù ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òun ló ń bójú tó iná ní ọsibítù aládàáni kan ní GRA, Ìlọrin. Wọ́n ti ya gbogbo ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, yàrá sí yàrá, Mahmud sì lè wò ó lórí fóònù rẹ̀ níbikíbi. Yàrá tí iná rẹ̀ dára yóò ní àwọ̀ ewé; èyí tí iná rẹ̀ fẹ́ lọ yóò pọ́n. Bí iná ìjọba bá lọ, tí bátìrì ilé náà sì ń lọ sílẹ̀, ó lè fi ìka pa iná yàrá kan kí òmíràn lè rí lò. Kò tíì kọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nígbà tí òjò ń jò sí yàrá àwọn ìkókó, wọ́n kó wọn lọ sí mọ́sáláṣí kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò. Binta, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, wá bá Mahmud.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí orúkọ yàrá yẹn padà nínú àwòrán yín."

"Inṣa Allahu, lọ́la."

"Ọ̀la tiyín yìí kì í tètè mọ́ o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nígbà tó yá, ó gbàgbé pátápátá.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Mahmud wà níbi yìgì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òkè-Òyì nígbà tí wọ́n pè é pé Ruqoyyah, àbúrò rẹ̀ tó ti ń wá ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, ti bímọ sí ọsibítù náà. Oṣù ọmọ kò pé. Ẹ̀rọ ló ń mú un móoru, ẹ̀rọ ló sì ń bá a mí.

Lẹ́yìn ìrun, iná ìjọba lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ó ku bátìrì nìkan. Mahmud wo fóònù, ó rí i pé bátìrì náà kò ní pẹ́ tán. Ó ronú pé wọ́n ti kírun tán, ta ló tún fẹ́ lo iná nínú mọ́sáláṣí? Ó pa iná ibẹ̀, kí ti àwọn ìkókó má baà lọ. Ó wá pe àbúrò rẹ̀.

"Ruqoyyah, fọkàn balẹ̀. Mò ń wo yàrá ọmọ ẹ, iná ibẹ̀ dára."

Kò pẹ́ tí Binta fi pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ọmọ ti kú. Ọwọ́ la fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i."

"Ẹ̀rọ wo? Iná wà ní yàrá wọn, mò ń rí i."

"Yàrá wo lẹ ń wò? Mọ́sáláṣí la wà."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mahmud tẹ fóònù láti tan iná mọ́sáláṣí padà, ó tún un tẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì kò gbé e. Ó gbé fóònù sókè, ó ń sáré kiri láàárín àwọn ẹni tó wá síbi yìgì, wọ́n sì ń pè é kó wá jẹun. Kò sí ohun tó lè ṣe. Nígbà tí iná fi máa dé, ọmọ náà ti dákẹ́.

Wọ́n sin ín kí Mọ̀gàríbì tó wọlé. Ọsibítù lé Mahmud, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ruqoyyah, àbúrò rẹ̀ yìí kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀." Ruqoyyah kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò farasin. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn tí a bá fi falẹ̀. Àwòrán ilé kì í ṣe ilé. Ohun tí a bá sọ fún un ni yóò sọ fún wa. Ìfẹ́ tí Mahmud ní sí ọmọ náà kì í ṣe kékeré, ìfẹ́ yẹn gan-an ló sì mú un pa iná. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa lásìkò, nítorí a kò mọ ọmọ ẹni tí yóò sùn sínú yàrá tí a kò tíì tún ṣe.