Ajílẹ̀, Ṣé O Ti Jí?

Ẹ bá mi gbè é o. Àlọ́ mi balẹ̀ sí ojúde Ìyá Àgbò, níbi tí koríko ti máa ń tutù yọ̀yọ̀ rí.

Ìyá kì í gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí koríko yẹn. Ìgbẹ́ ẹran ló máa ń dà lé e, láràárọ̀ á sì dárin sí Ekòló tó ń tú ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí Ìyá sọ ní Ajílẹ̀:

*Ajílẹ̀, ṣé o ti jí?*
Ekòló á sì gbè é:
*Mo ti jí, mò ń jí ilẹ̀.*

Nígbà tí Ìyá kú, Ekòló kò yéé kọrin. Àgbò, ọmọ Ìyá, gbọ́ ọ, inú bí i.

“Ilẹ̀ ìyá mi lò ń jí? Olè!”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n! Ojú oorun ni mo ti ń jí i.”

Àgbò kò gbà. Ó gbá gbogbo ewé dànù, ó da òògùn kòkòrò síbẹ̀. Koríko dán fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó gbẹ, ilẹ̀ sì le bí àpáta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àárò ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó da ìgbẹ́, ó tẹ́ ewé, ó fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, ó dorí kodò, ó dárin:

*Ajílẹ̀, ṣé o ti jí?*

Kò sẹ́ni tó gbè é.

Títí dòní, bí ẹ bá rí àgbò tó ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, ẹ má rò pé ìjà ló ń wá. Ègbè ló ń dúró dè.