Pọ́ńpù Epo Gbígbóná àti Ọ̀gá Tí Kò Lè Dúró

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iná àti ẹ̀rọ wá oúnjẹ òòjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Ọkùnrin kan ni ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan. Má-dá-mi-dúró ni wọ́n ń pè é. Ó mọ iṣẹ́, ká má parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀, bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Epo ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń mú ìkòkò ọṣẹ gbóná níbẹ̀. Nínú báyílà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí wọ́n ti ń dáná sí i, epo yìí ń gbóná tó ìlọ́po mẹ́ta omi híhó. Pọ́ńpù méjì ló ń tì í gba inú páìpù; bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì á máa sinmi. Òfin kan sì wà lára ògiri: kí a tó lo pọ́ńpù tó ti tutù, ká kọ́kọ́ ṣí fáàfù kékeré tó ń dí ọ̀nà epo, kí epo máa rọra sun wọ inú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kí irin náà gbóná díẹ̀díẹ̀. Irin tutù tó bá ṣàdédé pàdé epo yẹn, lílà ni yóò là.

Lọ́dún tó ṣáájú, Má-dá-mi-dúró fo òfin yìí. Ogún ìṣẹ́jú péré ló fi mú pọ́ńpù gbóná, ó tan án, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àṣegbé yẹn ló kó bá a. Látọjọ́ náà ló ti ń sọ pé ojo ló kọ òfin ara ògiri.

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, pọ́ńpù tó ń ṣiṣẹ́ dákú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni olówó ilé iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́sàn-án láti yan máníjà tuntun, Má-dá-mi-dúró, tó ń wá ipò náà, sì fẹ́ kí ó bá ìkòkò ọṣẹ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń lọ láti ojú fèrèsé sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà sí ojú fèrèsé. Kò tíì pé ìdajì wákàtí tí wọ́n ṣí fáàfù kékeré tó ní ó tó.

Obìnrin tó ń ka aago tó ń wọn ìgbóná irin sọ fún un pé, “Ọ̀gá, irin yẹn ṣì tutù. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n kọ.”

“Ẹni tó kọ ọ́ ò tíì rí pọ́ńpù rí.”

“Aago ló ń sọ ọ́, kì í ṣe èmi.”

“Ìwọ máa ka aago ẹ. Èmi ni mo mọ irin.”

Obìnrin náà fa ìwé rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sí i.

Àbúrò ìyàwó Má-dá-mi-dúró ló dúró ti pọ́ńpù. Iṣẹ́ ajórinmọ́rin ló ń ṣe, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí náà ló sì mú un wọ ilé iṣẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn. “Bọ̀dá, ṣé kí n ṣí fáàfù ńlá yẹn?”

“Ṣí i. Àbí wọ́n so ọ́ lọ́wọ́ ni?”

Ó ṣí i. Pọ́ńpù náà dún kọ̀ọ́ bí igi gbígbẹ tó kán, ó là. Epo tú jáde bí ìkùukùu, èéfín sì bo gbogbo yàrá. Ọmọkùnrin náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kán epo kan ò ta sí Má-dá-mi-dúró lára.

3.
Nígbà tí àwọn olùwádìí dé ilé ìwòsàn, àna Má-dá-mi-dúró ti wà nínú báńdéèjì láti orí dé ìgbáròkó. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa.

“Èmi ni mo ṣí i láìgbàṣẹ. Bọ̀dá ò sí nítòsí.”

Ẹ bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rò, àti ọmọ mẹ́ta tó wà nílé, tí ìyà yóò jẹ bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bọ̀dá.

Ilé iṣẹ́ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó rúfin ni yóò tọ́jú ara rẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn àwọn tí iná jó, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀kan kékeré tí kò ní dókítà awọ ara. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu Má-dá-mi-dúró ì bá dá a padà. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó ní ó di ọ̀la. Kò lè sùn, kò lè jẹun, ó ń rìn yí ilé po.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, “Baba wọn, kí ló ń lé ẹ kiri?”

“Kò sí nǹkan.”

Èéfín ti dá obìnrin aago dùbúlẹ̀ ní tirẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án tí ara rẹ̀ yá tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, tààrà ló gbé ìwé rẹ̀ wá sílé wọn. Ìyàwó kà á: “Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo kìlọ̀. Ọ̀gá ní kí àna òun ṣí fáàfù ńlá.”

Ó pa ìwé náà dé, ó sì wo ọkọ rẹ̀.

“Ìwọ tí o ò lè dúró wákàtí mẹ́rin, o dúró ọjọ́ mẹ́sàn-án.”

4.
Má-dá-mi-dúró lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá àna rẹ̀ padà sí ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n egbò ti kẹ̀. Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń jórin. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, ọwọ́ náà ì bá ṣeé gbà là.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìyàwó kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ní àràárọ̀, ọkùnrin náà máa ń lọ síbẹ̀ láti bá àna rẹ̀ dé bọ́tìnnì ẹ̀wù. Kò sẹ́ni tó ní kó wá. Àna rẹ̀ á na ọrùn, kò ní bú u. Bó bá dé bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, àna rẹ̀ á ní, “Ẹ ṣé, bọ̀dá.” Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún ju èébú lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ rúfin lẹ́ẹ̀kan tí ẹ mú un jẹ, kí ẹ rò pé òfin ò lójú. Bí ẹni tó kéré sí yín bá kìlọ̀ fún yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dúró, ẹ gbọ́. Bí àṣìṣe bá sì ti ọwọ́ yín wáyé, ẹ tètè sọ ọ́, torí ara ẹlòmíì ló ń jẹrà níbi tí ẹ ti ń ronú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.