Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Di Ìyá Ọmọ

Àlọ́ mi yìí lórin, ẹ bá mi gbè é. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló dá lé lórí.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ nínú koríko. Ó ní ẹran lòun ń fẹ́, kì í ṣe ẹyin, ó bá sàba lé wọn kí wọ́n lè pa. Nígbà tí ẹyin pa, òun làwọn ọmọ kọ́kọ́ rí, wọ́n sì sọ ọ́ di ìyá.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní, "Ẹ sanra ná, ẹ̀yin ọmọ mi."

Bó bá ti ń yọ́ lọ ṣọdẹ, wọ́n á tò tẹ̀lé e:

"Ìyá wa, ẹ dúró dè wá o!
Ẹ dúró dè wá!"

Gbogbo adìyẹ á gbọ́, wọ́n á sá.

Nígbà tí ebi ò jẹ́ kó gbádùn mọ́, ó yíjú sí wọn létí odò láti pa wọ́n jẹ. Kó tó lanu, wọ́n ti rí omi, wọ́n ti bọ́ sínú rẹ̀, láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò lè wẹdò.

Wọ́n ń pè é láti àárín odò:

"Ìyá wa, ẹ máa bọ̀ o! Oúnjẹ pọ̀ níbí!"