Ìyá Ìjọ Há Sílé Ìtura

Ìyá Ìjọ há sílé ìtura ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń fà á jìgìjìgì. Ilẹ̀kùn ò mira.

Ilé ìtura kéré, ìdí Màmá sì tóbi. Bó yí síhìn-ín, ògiri ni. Bó yí sọ́hùn-ún, ike omi ni.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ń wẹ ẹsẹ̀ ara wọn, bí Jésù ṣe pa á láṣẹ. Ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ Màmá ni Pásítọ̀ yàn fún un pé kó wẹ̀, ìyàwó tó ti ń bá yodì láti ọdún mẹ́ta.

Ta ló wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí? Ìyàwó ọ̀hún ni.

"Màmá, ṣé ẹ ò fara pa?"

"Ooru ti fẹ́ sè mí jinná!"

"Káfíńtà ti dé. Ó ní òun máa já ilẹ̀kùn. Ẹ sún sẹ́yìn, Màmá."

"Kí n sún lọ síbo? Kí n kó sínú ṣáláńgá ni?"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bẹ̀rù, Màmá. Mi ò ní fi yín sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Màmá láyà. Ó gbójú sókè, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Olúwa, mo gbọ́ àṣẹ Rẹ. Àmọ́ ṣé kò sẹ́sẹ̀ ẹlòmíì ni? Ti káfíńtà ńkọ́?"



Káfíńtà gbé òòlù sókè.

"Ẹ dúró!"

Màmá tọwọ́ bọ kọ́mú, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tó fi ti ara rẹ̀ mọ́lé.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ gbì níwájú gbogbo wọn.

"Ìyàwó mi, bọ́ bàtà."