Bọ́tìnnì Kan Tí Olúdélé Fojú Tẹ́ńbẹ́lú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kà á dópin, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láàyè, tí ẹ sì rò pé ẹ ti mọ gbogbo nǹkan tán.

1.
Báńkì kan ní Accra ni Olúdélé ti ń ṣiṣẹ́. Àdúgbò Madina níbẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú Adéṣẹwà ìyàwó rẹ̀ àti Màámi, ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Etí Màámi ti ń di díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn tó bá nípọn, èyí tó tín-ín-rín ni kì í wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ayé kò tíì sú wọn, nítorí ampilifáyà àtijọ́ tí Bàbá, ọkọ wọn tó ti kú, fi sílẹ̀ wà ní pálọ̀. Ó ní bọ́tìnnì méjì tí à ń yí: ọ̀kan fún béèsì, ìyẹn ohùn tó nípọn, ọ̀kan fún tírẹ́bù, ìyẹn ohùn tín-ín-rín. Láràárọ̀, Màámi á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, wọ́n á yí tírẹ́bù dé òpin, wọ́n á jókòó.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo náà ni. Ohùn Bàbá ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìlú Ashaiman kí wọ́n tó kú: àdúrà, orin kan, àti níparí, "Àjíkẹ́ mi, o ṣeun tí o tọ́jú mi." Oríkì Màámi nìyẹn. Ní gbogbo Accra, kò sẹ́ni tó tún ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

2.
Olúdélé wọ ẹgbẹ́ kan lórí wọ́ọ̀sáàpù, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń jiyàn lórí ẹ̀rọ orin látàárọ̀ dalẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ojúlówó ampilifáyà kì í ní béèsì, kì í ní tírẹ́bù, pé ẹni tó bá ń yí bọ́tìnnì ń ba ohùn jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà kó sí i lórí. Ó gbé ampilifáyà Bàbá, ó di ọjà Circle, ní ṣọ́ọ̀bù Fatawu, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ghana, tó ń ta ẹ̀rọ orin.

"Ẹ̀gbọ́n, tuntun yìí dára paa," Fatawu wí, "ṣùgbọ́n kò ní tírẹ́bù o. Ta ló máa ń gbọ́ ọ nílé?"

"Ṣé mo ní kí o fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ni?"

"Chale, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Bọ́tìnnì yẹn, iyọ̀ orí tábìlì ni. Ẹni tó bá fẹ́ á bù sí i, ẹni tí kò fẹ́ á fi sílẹ̀."

Olúdélé yínmú. "Ilé tí wọn ò ti mọ ọbẹ̀ sè ni wọ́n ti ń gbé iyọ̀ sórí tábìlì."

Ó fi ti Bàbá ṣe pààrọ̀, ó gbé tuntun lọ.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi ń fọwọ́ wá bọ́tìnnì kiri ara ẹ̀rọ tuntun. "Délé, tírẹ́bù mi dà?"

"Màámi, bọ́tìnnì yẹn ń purọ́ fún yín ni. Èyí gan-an ni ohùn Bàbá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí.

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ohùn Bàbá ń jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbora. Nígbà tó kan ìparí, ojú Màámi yí padà. Wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, wọ́n tún gbọ́ ọ. Wọ́n tún dá a padà.

Ẹ fẹnu yín pè é wò: Àjíkẹ́. Àbíkẹ́. Ohùn kan náà ni, lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, lẹ́tà yẹn gan-an ni tírẹ́bù sì ń gbé jáde. Àbíkẹ́ ni oríkì obìnrin kan ní Ashaiman tí àwọn èèyàn ti sọ fún Màámi nígbà kan pé Bàbá ń yọ́ fẹ́. Bàbá búra pé irọ́ ni, Màámi sì gbà wọ́n gbọ́ láti ọjọ́ náà. Nísinsìnyí, Àbíkẹ́ ni kásẹ́ẹ̀tì ń pè létí wọn.

4.
Màámi kò jẹun dáadáa mọ́. Tilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún gbọ́ ọ, bóyá wọ́n á gbọ́ nǹkan mìíràn. Adéṣẹwà bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi sọ ohun tó ń dùn wọ́n fún un. Ó sáré lọ bá ọkọ rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Olówó orí mi, ẹ wá ampilifáyà tó ní tírẹ́bù fún Màámi lónìí!"

"Kí n wá sọ kí ni fún àwọn tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bọ́tìnnì?"

Lóòótọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní báńkì ti wá gbọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ohùn. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Lọ́fíìsì, ó ń rẹ́rìn-ín. Nílé, kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Tó bá ti gbọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì ń dún nínú pálọ̀, ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni yóò tì, yóò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní lè jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀.

5.
Lọ́jọ́ Sátidé kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó padà sí Circle. Fatawu ti tú ti Bàbá palẹ̀, ó ti fi irin inú rẹ̀ tún tẹlòmíràn ṣe. Ó bá a wá òmíràn tó ní bọ́tìnnì méjì. Nínú ọkọ̀ trotro, orí itan ni Olúdélé gbé e lé títí dé Madina.

Nígbà tó wọlé, Màámi wà lórí àga. Okùn kásẹ́ẹ̀tì wà lórí itan wọn, ó ti já yánnayànna. Dídá tí wọ́n ń dá a padà lójoojúmọ́ ló mú kí ẹ̀rọ jẹ ẹ́.

Olúdélé dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. "Màámi, Àjíkẹ́ ni Bàbá pè! Ẹ̀rọ mi ló purọ́! Àjíkẹ́ ni!"

Màámi kó okùn tó já náà jọ.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Bàbá rẹ kọ́."

Ampilifáyà oníbọ́tìnnì méjì yẹn wà ní Madina dòní. Tírẹ́bù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ tó ń mú èèyàn fojú kéré ohun tí ẹlòmíràn nílò. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ sílé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé etí ta ló máa gbọ́ ọ. Tí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kí ìtìjú má ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe; àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.