Ẹ̀gbẹ́ Kan Ṣoṣo ni Kapono Ń Gbé Bọ́ọ̀lù Sí

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí àṣekágbá wáyé nígbà tí Kehau gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ ọ́fíìsì Kóòṣì Higa, ó ní Kapono lárùn.

Kóòṣì gbé musubi, ìrẹsì dídì tó fẹ́ gé jẹ, sílẹ̀. "Àrùn wo?"

"Àrùn ọ̀tún àti òsì ni, Kóòṣì. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ti dókítà."

Kehau ló ń bá ẹgbẹ́ fọ́lìbọ́ọ̀lù ọkùnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ka bọ́ọ̀lù. Bí alátakò bá ti fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí wa, òun ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó gbà á, ẹni tí Kapono, olùpín bọ́ọ̀lù wa, gbé e sókè fún, àti bóyá a rí ayò náà gbà. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, à ń rí méje gbà nínú mẹ́wàá. Láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti bọ́ sí Kehau lọ́wọ́ ló ti rí i pé ó ń já bọ̀. Ó ti di márùn-ún báyìí, ẹgbẹ́ tó ń rí márùn-ún gbà kì í sì í gbé ife relé.

"Ní abala kìíní, Tavita tó wà lápá òsì ló ń gbé e fún ṣáá," ni Kehau wí. "Tí a bá ti pààrọ̀ ojú pápá ní abala kejì, ó gbàgbé Tavita, ó di Lopaka lápá ọ̀tún. Ní ẹ̀kẹta, ó tún padà sọ́dọ̀ Tavita."

Kóòṣì fi ọwọ́ ya pápá sínú afẹ́fẹ́. "Háà! Ẹ̀gbẹ́ kan náà mà nìyẹn!"

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n ya ìjàpá sí. Ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló ń dènà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń gbé e lọ."

"Àwọn ará Kalifóníà tí a fẹ́ bá gbá àṣekágbá ńkọ́? Ṣé wọ́n á ti rí i?"

"Fídíò kan náà la jọ ń wò, Kóòṣì."

Kóòṣì mí kanlẹ̀. Ọdún yìí ni Kapono ń ṣe kẹ́yìn. "Bí mo bá tún rí i nínú ìdíje ìdánrawò lọ́jọ́rú, orí bẹ́ńṣì ni yóò ti wo àṣekágbá. Olùpín wa kejì, ọmọ ọdún kìíní yẹn, ni màá lò."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé yàrá ìmúra. Tavita ń fò sókè.

"Ṣé ẹ rí i? Àbúrò mi Sina ló ń jókòó níbẹ̀, lórí àga iwájú, lẹ́yìn tábìlì Kehau! Kapono, ṣé bọ́ọ̀lù lo fẹ́ fi fẹ́yàwó ni? Bàbá mi kì í gba bọ́ọ̀lù o, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń gbà!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

"Ẹ wo etí rẹ̀! Ó ti pọ́n!"

Kapono fa aṣọ ìnura bo orí.

Lọ́jọ́rú, wọ́n ní kí Sina lọ jókòó ní òdìkejì. Ó gbé gúgúrú rẹ̀ lọ, ó ń kùn pé kí lòun ṣe. Kò mà yí nǹkan kan padà! Ògiri ìjàpá náà ni Kapono ń gbé bọ́ọ̀lù lọ. Ọ̀kan tiẹ̀ ta, ó kù díẹ̀ kó gbá kọ̀ǹpútà Kehau dànù. Kehau pariwo, Kapono sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ pé pẹ̀lẹ́. A kò borí lọ́jọ́ náà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kehau yẹ iná òkè wò, ó yẹ atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà wò, ó tẹ ilẹ̀ wò bóyá kò tẹ́jú. Kò rí nǹkan kan. Ó wá Kapono lọ.

"Sọ òótọ́ fún mi. Kí ló wà lápá ibẹ̀? Wọ́n máa yọ ẹ́ o! Ó ń dùn mí, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Kapono wí, ó sì ń wo bàtà rẹ̀.

Kehau lọ bẹ Kóòṣì pé kó má yọ Kapono, títí ó fi gbà. "Abala kan péré," ni Kóòṣì wí. "Ìwọ alára, gòkè lọ sẹ́yìn pápá, lókè pátápátá, kí o lè rí nẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá tún ti bẹ̀rẹ̀, pè mí lórí fóònù."

Lọ́jọ́ àṣekágbá, kò sí ìdí tó fi ní láti pè é. Àwọn ará Kalifóníà kóra jọ sápá ògiri ìjàpá bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó ti lọ. Kapono gbé e sáàárín. Ó gbé e sẹ́yìn. Ó gbé e fún àwọn tó ti gbàgbé pé àwọn náà lè gbá a. À ń rí mẹ́jọ gbà nínú mẹ́wàá. Abala mẹ́ta la fi gba ife, ohùn Kehau sì há lókè níbi tó ti ń pariwo.

Àwọn ìyá wa ti fi ẹ̀gbà òdòdó kọ́ Kapono lọ́rùn débi etí nígbà tí Kehau sọ̀ kalẹ̀, ó gbá kọ̀ǹpútà mọ́ra.

"Mo yọ̀ fún ẹ, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò ní sùn bí mi ò bá mọ̀ ọ́n. Kí lo ń wá lápá ògiri yẹn?"

Kapono bọ́ ẹ̀gbà òdòdó kan kúrò lọ́rùn, ó fi kọ́ Kehau lọ́rùn, ó ní, "Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ nìkan lo máa ń gbójú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà yẹn."